Òórùn Burúkú Láti Inú Híítà àti AC Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Mú Un Kúrò

Bí òórùn burúkú bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ọkọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n ra lọ́fíńdà ọkọ̀, kí wọ́n sì há a mọ́ ojú ihò náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, lọ́fíńdà á ti dà pọ̀ mọ́ òórùn tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àpapọ̀ àwọn méjèèjì á sì máa fọ́ni lórí ju òórùn àkọ́kọ́ lọ. Òórùn yìí ní ibi tó ti ń wá, ibẹ̀ gan-an la sì gbọ́dọ̀ dé. Òmíràn ń fi hàn pé omi dúró síbi tí kò yẹ kó dúró, òmíràn ń fi hàn pé rédíétọ̀ kékeré ti híítà ti lu, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ tí kò yà sí ẹ̀gbẹ́ títì lójú ẹsẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó dára kí ẹ mọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń tọ̀. Àpótí oníke ńlá kan wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Búlówà, ìyẹn fáànù tó máa ń dún nígbà tí ẹ bá yí bọ́tìnnì afẹ́fẹ́, ló ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú àpótí náà. Ó lè fà á láti ìta, níbi ihò tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lẹ́bàá ìdí wáípà, ó sì lè fà á láti inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ya ọkọ̀ pẹ̀lú ọfà tó yípo sí. Afẹ́fẹ́ yìí á gba inú fílítà kọjá, á gba ara evaporator, èyí tó jẹ́ àwo onírin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí gáàsì AC ń mú tutù, lẹ́yìn náà ni yóò gba ara rédíétọ̀ híítà, níbi tí omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ti ń kọjá. Bí ẹ kò bá fẹ́ ooru, ilẹ̀kùn kékeré kan ni yóò darí afẹ́fẹ́ náà gba ẹ̀gbẹ́. Nítorí pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń lò, ohun tó bá bàjẹ́ lára híítà lè máa rùn jáde nígbà tí AC bá wà ní títàn, ti AC náà sì lè máa rùn nígbà tí ẹ bá tan híítà.

Ọ̀pọ̀ wa níbí ni kò yí bọ́tìnnì sí apá pupa rí. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń rà, ìbáà jẹ́ èyí tó gba Kútọnu wọlé tàbí èyí tó gúnlẹ̀ sí Àpápá, ilẹ̀ òtútù ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, híítà wọn sì ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n bá dé tán, a ó gbàgbé pé híítà wà, bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, omi ẹ́ńjìnnì ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Àwọn ará wa tó wà ní ìlú òyìnbó máa ń pàdé tiwọn nígbà tí òtútù bá kọ́kọ́ dé, tí wọ́n sì tan híítà lẹ́yìn oṣù mélòó kan: eruku tó bà sára rédíétọ̀ híítà ló ń gbóná, kì í sì í pẹ́ tó fi ń lọ bí wọ́n bá sọ gíláàsì kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kì í ṣe eruku.

Ẹ kọ́kọ́ fi imú wá a

Ẹ gbé ọkọ̀ sí gbangba ní òwúrọ̀, níbi tí kò sí gọ́tà, ààtàn tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí, kí ẹ sì ti yọ gbogbo lọ́fíńdà kúrò nínú rẹ̀ láti alẹ́ àná. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò fi tàn, ṣùgbọ́n kí ẹ má tíì sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Ẹ tan búlówà sí ìwọ̀n kékeré, kí afẹ́fẹ́ máa wọlé láti ìta, kí ẹ sì gbé imú sún mọ́ ojú ihò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọlọ́fà yẹn kí ọkọ̀ máa fa afẹ́fẹ́ inú ara rẹ̀. Bí òórùn náà bá wà nígbà tí afẹ́fẹ́ ń ti ìta wá, tí ó sì dín kù nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ìdí wáípà ni kí ẹ ti wá a. Bí ó bá wà lọ́nà méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú àpótí náà tàbí inú kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ọkọ̀ ló fara pamọ́ sí.

Ẹ wá sítáàtì ọkọ̀, kí ẹ tan AC fún bí ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà kí ẹ pa AC nìkan, kí búlówà ṣì máa fẹ́. Ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ lé èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo àyẹ̀wò yìí. Bí evaporator bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi ara rẹ̀ á máa gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, bí èébu bá sì wà lára rẹ̀, irú funfun-funfun tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀, òórùn tí ẹ ó gbọ́ yóò dà bí ti aṣọ tí a ká sínú àpótí nígbà tí kò tíì gbẹ, tàbí bí ti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ iléèwé lọ́jọ́ Ẹtì. Níkẹyìn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, ẹ yí bọ́tìnnì sí apá pupa pátápátá. Bí òórùn tó dùn bí omi ṣúgà bá jáde, tó sì ń le sí i bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i, rédíétọ̀ híítà ni kí ẹ fura sí.

Òórùn máa ń tètè mọ́ imú lára. Ẹni tó ti jókòó sínú ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan lè má gbọ́ ọ mọ́. Ẹ máa jáde síta láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì, tàbí kí ẹ pe ẹnì kan tí kò tíì wọ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Mẹkáníìkì tí ẹ bá sọ fún pé “ọkọ̀ mi ń rùn” kò mọ ibi tó máa mú un, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá sọ fún pé òórùn náà kì í jáde àfi bí ooru bá wà, ó ti mọ ibi tó máa ṣí.

Òórùn mẹ́ta tí kò gba ìdúró

Bí ẹ bá gbọ́ òórùn bẹntiróòlù, òórùn wáyà tàbí ike tó ń jó, tàbí òórùn èéfín sáìlẹ́ńsà nínú ọkọ̀, ẹ má ṣe bá ìtọ́sọ́nà yìí lọ síwájú. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀, kí mẹkáníìkì tàbí rewáyà sì wá wo ọkọ̀ náà níbi tó wà.

Bẹntiróòlù kò níṣẹ́ kankan nínú híítà. Bí òórùn rẹ̀ bá gba ibẹ̀ wọlé, ó ṣeé ṣe kó máa jò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítòsí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Òórùn ike jíjó sábà máa ń ti ara resistor búlówà, ìyẹn ohun kékeré tó ń darí bí búlówà ṣe ń yára sí, tàbí ìdè wáyà rẹ̀ wá, pàápàá nínú ọkọ̀ tí ẹnì kan ti yọ fiúsì rẹ̀ tó jó, tó sì fi wáyà lásán tàbí fiúsì tó tóbi jù rọ́pò rẹ̀. Torí kí wáyà má baà jó ni wọ́n ṣe dá fiúsì. Bí ẹ bá rí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí rewáyà yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti èéfín ló burú jù. Inú èéfín ẹ́ńjìnnì ni carbon monoxide ń bá wọlé, afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn tirẹ̀, òun kan náà tó ń pa àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé mọ́jú. Bí ó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ìdí nìyẹn tí èyí tó kéré nínú rẹ̀ fi lè dá ènìyàn kalẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín nínú ọkọ̀, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì sì ń gbé yín, àmọ́ tí ara yín ń balẹ̀ bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ má ṣe pè é ní ibà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo gásíkẹ́ẹ̀tì ibi tí sáìlẹ́ńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n wo gbogbo gígùn sáìlẹ́ńsà bóyá ó ti lu, kí wọ́n sì wo rọ́bà ẹnu búùtù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sùn nínú ọkọ̀ tí ẹ tan AC rẹ̀ sílẹ̀, pàápàá nínú gáréèjì.

Òórùn ọ́ìlì tó ń jó, èyí tó máa ń pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, sábà máa ń ti ara gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí tápẹ́ẹ̀tì tó ń jò sórí irin gbígbóná wá. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ lè wá láti ara catalyst, ìyẹn ohun tó ń dín oró èéfín kù nínú sáìlẹ́ńsà, tàbí láti ara bátìrì tí iná ń wọ̀ jù. Bí rewáyà bá fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tó rí ohun tó ju fóòtì 15 lọ, kò yẹ kí ẹ tún fi ọkọ̀ náà rin ìrìn jíjìn kó tó tún un ṣe.

Ìdí wáípà àti fílítà

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ike dúdú tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ewé tó ń já láti orí igi tí a ń páàkì sábẹ́ rẹ̀ máa ń wọ ibẹ̀, á rà nígbà òjò, afẹ́fẹ́ tó bá sì kọjá lórí rẹ̀ ni búlówà ń fà wọlé. Ọwọ́ ni kí ẹ fi kó o jáde, nítorí pé omi máa ń tì í wọ inú sí i. Lẹ́yìn tí ibẹ̀ bá mọ́, ẹ bu omi díẹ̀ sí igun méjèèjì, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń ṣàn bọ́ sílẹ̀ láìdúró.

Fílítà tí mò ń sọ yìí yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda, ẹ̀yìn píjìnhóòlù ló wà, ìyẹn àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹ kó ẹrù inú rẹ̀ jáde, kí ẹ tú ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú kó lè wálẹ̀, ẹ ó sì rí ìdérí pẹlẹbẹ kan tí fílítà wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí àyè fílítà wà nínú wọn ṣùgbọ́n tí kò sí fílítà níbẹ̀ rárá. Nínú irú èyí, ara evaporator fúnra rẹ̀ ló ń gba gbogbo ìdọ̀tí.

Corolla ọdún 2005 tí mo ń wà ló kọ́ mi pé ibẹ̀ ni kí n máa kọ́kọ́ ṣí. Ní oṣù kẹfà ọdún kan, òórùn rẹ̀ le débi pé àwọn ọmọ mi máa ń fi aṣọ iléèwé bo imú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oníṣẹ́ AC kan gba owó lọ́wọ́ mi, tó rọ gáàsì, tó fín nǹkan olóòórùn dídùn sójú ihò, kò sì ṣí píjìnhóòlù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo ṣí i fúnra mi, fílítà náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ewé dóńgóyárò gbígbẹ sì kún àárín ìṣẹ́po rẹ̀. Èkúté ti jẹ igun rẹ̀ kan lu, ó ti fi òwú ara rẹ̀ àti táíṣù tẹ́ ìtẹ́, èèpo ẹ̀gúsí tó tó ìkúnwọ́ kan wà nínú ìtẹ́ náà, òkú ọmọ èkúté mẹ́ta sì wà láàárín èèpo yìí. Méjì ti gbẹ bí panla. Ìkẹta kò tíì gbẹ.

Bí ẹ bá bá irú èyí pàdé, ẹ má ṣe gbá a, ẹ má sì ṣe fẹ́ ẹ dànù. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ibà Lassa, tí wọ́n sọ ní orúkọ ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ọdún 1969, máa ń gbà ran ènìyàn, eruku rẹ̀ sì léwu fún ẹni tó bá fà á símú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ìbomú, kí ẹ sọ gíláàsì gbogbo kalẹ̀, kí ẹ pa búlówà, kí ẹ fi Jíìkì tí ẹ ti fi omi là rin ìtẹ́ náà gbingbin, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú fílítà sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ dì í. Ike ni kí ẹ fi Jíìkì yìí nù o, kí ẹ má ṣe jẹ́ kó kan evaporator. Fílítà tuntun ni kí ẹ fi sí i, kí ọfà ara rẹ̀ kọjú síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Èmi máa ń pààrọ̀ tèmi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Mo sì ti ní kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, èkúté kò sì tíì padà síbẹ̀.

Omi tó wà nílẹ̀ ọkọ̀

Bí AC bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, omi máa ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń di omi lára evaporator gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń là sára ife omi tútù. Hóòsì rọ́bà kékeré kan ló ń gbé omi yìí jáde. Bí ẹ bá tan AC fún ìṣẹ́jú 15 ní àsìkò òjò tí ẹyọ omi kan kò kán sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí hóòsì náà ti dí, kí omi sì máa dúró nínú àpótí tàbí kó máa ya sínú kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè dáadáa lórí irin ìdúró, kí ẹ wá ẹnu hóòsì náà lára ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀, kí ẹ sì rọra fi ọ̀pá ike tó rọ̀ yọ ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Irin ṣóńṣó lè lu ohun tó wà lókè, nítorí náà ẹ má ṣe lò ó.

Ẹ ká fúútù-máàtì kúrò, kí ẹ fi táíṣù funfun tẹ kápẹ́ẹ̀tì dáadáa. Bí omi tó fà mu bá mọ́ tí kò sì yọ̀, láti ara AC tàbí òjò ni. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé tàbí pupa, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì ní òórùn dídùn, kúláǹtì ni, ìyẹn omi aláwọ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, híítà ló sì ń jò.

Bí rédíétọ̀ híítà bá lu

Ìdí tí rédíétọ̀ híítà fi máa ń lu lọ́dọ̀ wa kò ṣòro láti mọ̀. Ọ̀pọ̀ ń bu omi kànga tàbí ti bọ́ọ̀hóòlù sínú ọkọ̀ dípò kúláǹtì, omi yìí á sì máa jẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rédíétọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti lu, gíláàsì iwájú á máa ní kùrukùru tó ń yọ̀, tí ìnujú kì í mú kúrò bọ̀rọ̀, kúláǹtì á máa dín kù láìsí pé ẹ rí ibi tó ti ń kán lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òórùn dídùn yẹn á sì máa wọlé. Ẹ wo ìwọ̀n kúláǹtì ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná láé, nítorí pé omi inú rẹ̀ lè gbóná ju 100°C lọ, á sì tú jáde sójú ẹni.

Mẹkáníìkì yóò sábà dámọ̀ràn pé kí wọ́n yọ hóòsì méjèèjì tó wọ híítà, kí wọ́n so wọ́n pọ̀. Èyí ń dá jíjò náà dúró lóòótọ́, ó sì lè gbé ẹni tó wà lójú ọ̀nà délé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ooru tí yóò fi lé kùrukùru kúrò lára gíláàsì nígbà òjò, kò sì ní ohun tí yóò fi gbẹ inú àpótí náà, èyí tí mo máa sọ láìpẹ́. Ẹni tó ń gbé ní ìlú òtútù, tàbí ní Jos níbí, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ní tèmi, kí ẹ pààrọ̀ rédíétọ̀ híítà náà ló dára jù, kí ẹ sì ra tuntun, nítorí pé tòkunbọ̀ tí ẹ bá rà ní Ládípọ̀ tàbí Àràròmí lè ti ṣiṣẹ́ iye ọdún kan náà pẹ̀lú èyí tó bàjẹ́. Owó iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, torí pé dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń tú nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹni kan kò sì ní fẹ́ san án lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi omi mímọ́ ṣan ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì po kúláǹtì mọ́ omi tí wọ́n sè di mímọ́, irú èyí tí wọ́n ń bù sí bátìrì, ní ìdajì sí ìdajì, àyàfi bí a bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé wọ́n ti pò ó tẹ́lẹ̀.

Ẹ nu kúláǹtì tó bá dà sílẹ̀ kúrò kíákíá. Ethylene glycol inú ọ̀pọ̀ rẹ̀ dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ọmọdé, ajá àti ewúrẹ́ lè lá a, ó sì lè pa wọ́n.

Fífọ evaporator

Bí ó bá jẹ́ òórùn aṣọ tí kò gbẹ ni ẹ gbọ́, ibí ni iṣẹ́ yín wà. Ẹ ra agolo kẹ́míkà ìfọ evaporator, irú èyí tó ń hó bí ọṣẹ tó sì ní hóòsì tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ fílítà, kí rewáyà sì yọ resistor búlówà kúrò fún yín. Ihò resistor yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ọkọ̀ tó bá ní in nítòsí evaporator, nítorí pé kẹ́míkà tí ẹ bá gba ibẹ̀ fín yóò bọ́ sára evaporator gan-an. Àwọn tó ń fín in láti ojú ihò tó wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù kò sábà dé ibi tí èébu wà.

Ẹ ti hóòsì tẹ́ẹ́rẹ́ náà wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fín in bí ẹ ṣe ń fà á bọ̀, kí ó lè kan òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo. Ẹ gbé abọ́ funfun sábẹ́ ẹnu hóòsì omi nísàlẹ̀ ọkọ̀; nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, omi tó kán sínú abọ́ dúdú bí omi tí a fi fọ ìkòkò àmàlà, ọ̀rá kan tó ń fà bí ilá sì léfòó lójú rẹ̀. Ẹ fi ìgò ìfínmi ṣan án pẹ̀lú omi mímọ́, kí ẹ tún kẹ́míkà fín, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí omi inú abọ́ yóò fi mọ́. Ẹ má ṣe lo Jíìkì, ọtí kíkan, kẹrosíìnì tàbí omi alágbára ti àwọn afọkọ̀ fún evaporator. Jíìkì àti ọtí kíkan máa ń jẹ alumíníọ́ọ̀mù, kẹrosíìnì lè gbiná, omi alágbára sì máa ń tẹ ìyẹ́ rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ pa.

Ẹ fi híítà gbẹ ẹ́

Fífọ láìgbẹ kò wúlò, nítorí pé ọ̀rinrin tí èébu fi hù lákọ̀ọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ibí yìí ni híítà tí a kò kà sí ti wúlò jù fún wa. Ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ máa ń kan evaporator kó tó kan rédíétọ̀ híítà, nítorí náà bí ẹ bá kàn tan híítà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ìta, ooru náà kò ní kan evaporator rárá. Ẹ gbé ọkọ̀ sí gbangba, ẹ dá resistor padà, ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì, ẹ pa AC, ẹ yí ooru sí òpin, ẹ tan búlówà dáadáa, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọlọ́fà kí ọkọ̀ máa fa afẹ́fẹ́ inú ara rẹ̀, kí ẹ sì gbé gíláàsì sókè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ dúró tì í. Afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò máa padà gba ara evaporator kọjá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ sọ gbogbo gíláàsì kalẹ̀, ẹ yí i sí afẹ́fẹ́ ìta, kí ọ̀rinrin náà lè jáde fún ìṣẹ́jú 10 mìíràn. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó fi fílítà sí i.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí ó bá ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ délé, ẹ pa AC, kí ẹ jẹ́ kí búlówà máa fẹ́ afẹ́fẹ́ ìta títí ẹ ó fi dúró. Kò gba owó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí kẹ́míkà tó ṣe iṣẹ́ tó o. Èmi àti ìyàwó mi jọ ń wa ọkọ̀ kan náà, ó sì gbà wá tó oṣù kan kó tó mọ́ wa lára.

Kápẹ́ẹ̀tì àti káńfọ̀

Bí kápẹ́ẹ̀tì bá ti mu omi, fífi aṣọ nù ú lókè kò tó, nítorí fóòmù abẹ́ rẹ̀ lè gbé omi dání fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú àga iwájú, kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì náà, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó sì gbẹ nínú oòrùn títí abẹ́ rẹ̀ yóò fi dún kàrà-kàrà. Bí ó bá jẹ́ omi ẹja tàbí wàrà ló dà sí i, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ ṣe èyí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń há káńfọ̀ mọ́ ojú ihò AC, wọ́n ní ó ń lé òórùn àti aáyán. Mo rọ̀ yín gidigidi pé kí ẹ yọ ọ́. Naphthalene ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú káńfọ̀ tí wọ́n ń tà, èéfín rẹ̀ sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò ní èròjà G6PD tó nínú ara. Àìtó yìí wọ́pọ̀ láàárín wa, ọ̀pọ̀ òbí kò sì mọ̀ pé ọmọ wọn ní in. Ọmọ tuntun tó bá fa káńfọ̀ símú lè ní ibà pọ́njú tó le, tó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí yóò fa òórùn tó ṣẹ́kù mọ́ra, ẹ gbé èédú gbígbẹ sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré sábẹ́ àga, kí ẹ máa sá a sóòrùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bí òórùn náà bá padà

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí òórùn èébu sì tún padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìdọ̀tí ti wọ inú ìyẹ́ evaporator ju ibi tí kẹ́míkà lè dé lọ, àpótí náà ló sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Kí ẹ tó gbà fún oníṣẹ́ AC, ẹ bi í bóyá ó ní ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì sínú sílíńdà dípò kó tú u sí afẹ́fẹ́, nítorí pé R-134a tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1994 wà lára àwọn gáàsì tó ń mú ayé gbóná. Ẹ ní kó pààrọ̀ gbogbo òrùka rọ́bà ibi tó bá tú, kó pààrọ̀ dryer, ìyẹn ohun tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú gáàsì AC, kó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán, kó sì fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì tó máa rọ sí i gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n kọ sára bébà tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí àpótí bá ti wà nílẹ̀, ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ fojú ara yín rí evaporator àti rédíétọ̀ híítà kí wọ́n tó dá wọn padà, kí ẹ fọwọ́ kan fóòmù etí àwọn ilẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀. Èyí tó bá ti ń rún lọ́wọ́ yín, ìsinsìnyí tí dáṣíbọ́ọ̀dù ṣì wà ní títú ni kí ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.